Ta Ni Yóò Ni Ọkọ̀ Àjèjì Tó Bá Já Bọ́ Láti Gbalasa Òfuurufú?

Ó ti pẹ́ tí àwọn amòfin ti ń dáhùn ìbéèrè nípa ẹni tó ni nǹkan, ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn wọn ló fẹ̀yìn ti èrò kan tí wọn kì í sábà yẹ̀ wò, èyíinì ni pé ènìyàn ni olóhun, tàbí àkójọ ènìyàn bí ilé-iṣẹ́, ìjọ, ìdílé àti ìjọba. Bí ọkọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n láti ayé mìíràn kàn bá já bọ́ sórí ilẹ̀ ayé yìí, èrò náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ mì. Ẹ̀rí kankan kò tíì hàn sí gbangba pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti já bọ́ rí, ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà sì dá sílẹ̀ fún ìwádìí irú ọ̀rọ̀ yìí sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé òun kò rí ọ̀kan. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí òfin tí yóò dáhùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òfin tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkúta tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, lórí ọkọ̀ ojú omi tó rì, àti lórí àwókù sátẹ́láìtì tó ń já bọ́ sínú oko olóko, àwọn nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, tí àwọn adájọ́ àti ìjọba sì ti ní láti yanjú.

Ìlú tí orúkọ rẹ̀ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn bí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ni Roswell, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1947, W. W. Brazel, ọkùnrin tó ń bójú tó ilẹ̀ ìdaran kan, rí pàǹtírí tó fọ́n ká sórí pápá: rọ́bà tó ti ya jálajàla, bébà dídán bíi fàdákà, bébà líle, igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti téèpù tí wọ́n tẹ àwòrán òdòdó sí lára. Ó sọ fún ìwé ìròyìn ìlú náà pé bí a bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò lè ju kìló méjì lé díẹ̀ lọ. Ó fi tó ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò létí, ìyẹn náà pe bárékè àwọn ológun òfuurufú, àwọn ológun sì wá kó o lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, bárékè náà kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ àwo tó ń fò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ọ̀gágun kan ní Fort Worth fi sọ pé bàlóònù tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́ lásán ni. Ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà tó ṣàlàyé pé àwókù bàlóònù iṣẹ́ àṣírí kan tí wọ́n pè ní Mogul ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jù lọ, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fetí sí òfuurufú láti mọ ìgbà tí ìjọba Soviet bá dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò.

Ohun tó yẹ kí amòfin rí nínú ìtàn yìí ni pé gbogbo àwọn tó lè pe ara wọn ní olóhun ló wà níbẹ̀: ẹni tó he é, ẹni tó ni ilẹ̀ tó bọ́ sí, ìjọba tó rán ológun wá kó o, àti ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹni tó bi àwọn ológun léèrè àṣẹ tí wọ́n fi kó o, ìjọba kan náà ló sì wá jẹ́ ẹni tó ṣe é, nítorí náà ẹjọ́ kò délẹ̀. Ká ní ọkọ̀ àjèjì ni, àwọn mẹ́rin yìí ni ìbá tò síwájú adájọ́, ó sì yẹ kí a gbọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ti onílẹ̀ ni òfin ti gbọ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1890, òkúta òfuurufú kan, èyíinì ni òkúta tó ti ń rìn kiri nínú gbalasa òfuurufú kí ayé tó fà á mọ́ra, já bọ́ sínú pápá kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ó sì ri wọlẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Nǹkan bí ọgbọ̀n kìló ni ó wọ̀n. Goddard ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti fi koríko orí rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti lò fún ọdún náà. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hoagland wá hú òkúta náà níṣojú ẹni tó ń lo koríko, ó gbé e lọ sílé, ó sì tà á fún Winchell, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní dọ́là 105. Goddard pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Iowa dá a láre ní ọdún 1892, ó ní òkúta tó ti ọ̀run wá tó sì wọlẹ̀ ti di ara ilẹ̀, bí yẹ̀pẹ̀ tí odò wọ́ wá ṣe ń di ti ẹni tó ni etí odò. Ẹni tí a fún ní koríko kò ní ju koríko lọ, nítorí náà ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò wúlò fún Hoagland, owó tí Winchell san kò sì sọ ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó tà á di tirẹ̀.

A lè pe ìlànà yìí ní òfin ìdàpọ̀mọ́lẹ̀: ohun tí ìṣẹ̀dá fi kún ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Ní ọdún 1905, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Oregon lo irú rẹ̀ lórí òkúta Willamette, òkúta onírin tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀, tí ọkùnrin kan fi oṣù mélòó kan rọra gbé kúrò lórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sórí ilẹ̀ tirẹ̀. Gbogbo làálàá náà já sí asán, ilé-iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ ni ilé ẹjọ́ dá láre. Ẹni tó bá fẹ́ jàre lórí ọkọ̀ àjèjì tó bọ́ sínú oko rẹ̀ yóò sọ pé ohun tó ti ọ̀run bọ́ kò yàtọ̀ síra, ì báà jẹ́ òkúta, ì báà jẹ́ irin. Ṣùgbọ́n ìdí tí òfin ìdàpọ̀mọ́lẹ̀ fi dúró ni pé òkúta náà kò ní olóhun kankan kó tó bọ́. Ọkọ̀ kì í kàn ara rẹ̀. Bí ìdè, ojú ìlẹ̀kùn tàbí okùn iná kan ṣoṣo bá ti hàn lára rẹ̀, ẹ̀rí ti wà pé ẹnì kan ṣe é, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní ti òkúta.

Kì í ṣe gbogbo àwùjọ ló gbà pé onílẹ̀ ló ni ohun tó bọ́ láti ọ̀run pàápàá. Nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí àrá bá sán pa ilé kan, àwọn olórìṣà Ṣàngó ni yóò wọ ibẹ̀, wọn yóò wá ẹdùn àrá jáde nínú ilẹ̀, wọn yóò kó ẹrù inú ilé náà, wọn yóò sì bu owó ìtanràn lé onílé tí ilé rẹ̀ ti jó. Àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ ti fi hàn pé àáké òkúta tí àwọn ènìyàn ìgbà láéláé gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹdùn àrá, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà lẹ́yìn ìṣe náà yé ni: ohun tó bọ́ láti òkè ní ẹni tó rán an, àwọn aṣojú ẹni náà ni wọ́n sì láṣẹ lórí rẹ̀. Ó le fún onílé, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, àmọ́ ó ronú kan ohun tí òfin Iowa kò ní láti ronú kàn.

Ti ẹni tó he é ló kàn. Òfin pín ohun tí kò sí lọ́wọ́ olóhun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Agbòòrùn tí èrò ọkọ̀ gbàgbé sínú dánfó jẹ́ ohun tó sọnù, tirẹ̀ ló ṣì jẹ́ bí ó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Èyí tó ti kán, tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ jù sórí ààtàn, di ohun ìjọ̀wọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣà á ló ni ín. Ọ̀nà kẹta ni ohun tí kò ní olóhun láti ìpìlẹ̀, bí òkúta òfuurufú tàbí ẹja inú òkun. Ohun tó ya ìsọnù sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ̀wọ́ ni èrò ọkàn olóhun, kì í ṣe ibi tí nǹkan náà wà tàbí bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ní ọdún 1722, ilé ẹjọ́ kan ní London gbọ́ ẹjọ́ ọmọdékùnrin kan tó ń gbá ihò èéfín, tó he ohun ọ̀ṣọ́ olókùúta iyebíye, tó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kí ó lè mọ iye tó tó. Ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà yọ òkúta inú rẹ̀, wọ́n sì fi owó kékeré lọ ọmọ náà. Kò gbà. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó he nǹkan láṣẹ lórí rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ, àfi olóhun gan-an. Ìdájọ́ yìí ti wọ inú òfin gbogbo orílẹ̀-èdè tó jogún òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ní tiwọn pé ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú sí i, kí ni kí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe?

Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró lórí bóyá àwọn tó ni ọkọ̀ àjèjì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ní àkókò tó já bọ́. Ẹjọ́ tó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí jù lọ ni ti ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Nuestra Señora de las Mercedes, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Sípéènì, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mú kó rì ní ọdún 1804 bí ó ti ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù pẹ̀lú ẹrù owó fàdákà. Igba ọdún ó lé ní ó wà nísàlẹ̀ òkun. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Odyssey Marine Exploration, fi ẹ̀rọ kó owó ẹyọ tó lé ní 590,000 láti ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì gbé e lọ sí Florida. Ìdí ẹjọ́ wọn ni òfin ìdóòlà, èyí tó sọ pé ẹni tó bá yọ ẹrù inú omi nínú ewu yẹ kó gba èrè, àti òfin ohun híhe, èyí tó sọ pé bí olóhun bá ti jọ̀wọ́ ẹrù náà, ó di ti ẹni tó yọ ọ́. Sípéènì dáhùn pé àwọn kò jọ̀wọ́ ohunkóhun, àti pé ọkọ̀ ogun kì í di aláìlólóhun nítorí pé ó rì. Àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ ogun dà bí ẹ̀yà ara ìjọba tó ni ín, ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kò sì lè fọwọ́ lé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú ológun méjì ilẹ̀ Sípéènì kó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́tàdínlógún padà sílé. Odyssey kò gba èrè ìdóòlà kankan.

Ohun tí ẹjọ́ yìí kọ́ni ni pé jíjábọ́ kì í ṣe ìjọ̀wọ́. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ dànù kò fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bí awakọ̀ bá kú, àwọn tó rán an níṣẹ́ ṣì wà. Bí igba ọdún bá sì kọjá kí wọ́n tó wá bèèrè, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn kò tó ẹ̀rí pé wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ohun tó ti àárín ìràwọ̀ wá, nítorí pé ìròyìn tó bá rìn ní ìyára ìmọ́lẹ̀ ṣì máa lo ọdún mẹ́rin ó lé kó tó dé ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù lọ, ó sì máa lo iye kan náà kí èsì tó padà.

Ẹnì kan lè ní àwọn àdéhùn àgbáyé lórí gbalasa òfuurufú ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yìí. Wọ́n dáhùn rẹ̀ dé ìdajì. Àdéhùn Gbalasa Òfuurufú ti ọdún 1967, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, sọ nínú abala kẹjọ pé ohun tí orílẹ̀-èdè kan bá fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ṣì jẹ́ ti olóhun rẹ̀, yálà ó wà lókè ni o, tàbí ó ti padà sílẹ̀ ayé. Àdéhùn ọdún 1968 fi kún un pé orílẹ̀-èdè tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó orílẹ̀-èdè tó rán an lọ àti Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé létí, kí ó sì dá a padà bí wọ́n bá bèèrè. Ti ọdún 1972 wá di gbèsè rù wọ́n: orílẹ̀-èdè tí nǹkan rẹ̀ bá já bọ́ tó sì ba nǹkan jẹ́ lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó, ì báà jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ tàbí kó má jẹ́. Àdéhùn wọ̀nyí kì í ṣe ìwé lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 1978, sátẹ́láìtì Soviet kan, Kosmos 954, tó ń lo iná átọ́míìkì, fọ́ sórí àríwá Kánádà, àwókù rẹ̀ tó ní ìtànṣán olóró sì fọ́n ká sórí yìnyín dé nǹkan bí ẹgbẹ̀ta kìlómítà. Kánádà béèrè fún owó dọ́là ilẹ̀ wọn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ìjọba Soviet sì san mílíọ̀nù mẹ́ta ní ọdún 1981. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òrùka irin ńlá kan bọ́ sí abúlé Mukuku ní agbègbè Makueni ní Kẹ́ńyà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀, ó sì wọn nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìló. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Kẹ́ńyà gbé e kúrò níbẹ̀ fún ìwádìí, wọ́n ní ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó jọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo àdéhùn yìí ń bá orílẹ̀-èdè ayé wí. Ìlànà àgbáyé kan wà pé àdéhùn kì í de ẹni tí kò bá wọn ṣe é, kì í sì fún un ní ẹ̀tọ́ bí kò bá gbà á, àwọn ará ayé mìíràn kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan ní ọdún 1967. Nítorí náà, kò sí abala tí wọ́n lè tọ́ka sí láti gba ọkọ̀ wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ẹni tí ọkọ̀ náà wó ilé rẹ̀ lè fi gba owó lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun ni wíwo ohun tí àwọn ará ayé yìí ń bèèrè fún nǹkan tiwọn. Voyager 1, tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní ọdún 1977, ti jáde kúrò nínú agbègbè tí atẹ́gùn oòrùn ń fẹ́ dé, kò sì ní padà mọ́. Gẹ́gẹ́ bí abala kẹjọ, ohun ìní Amẹ́ríkà ni ó jẹ́ títí di òní. Bí ó bá bọ́ sí ayé kan lọ́jọ́ iwájú, òfin ayé yìí kò ní gbà pé ó ti di ti onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá sọ èyí nípa Voyager, tó wá sọ pé ọkọ̀ tó bọ́ sí ọ̀dọ̀ òun kò ní olóhun, ó yẹ kó ṣàlàyé ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ tí yóò gbìyànjú láti fi hàn ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹni-lójú-òfin. Ẹni-lójú-òfin ni ẹni tí òfin gbà pé ó lè ní nǹkan, ó lè jẹ gbèsè, ó sì lè pẹjọ́. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọmọ ènìyàn: ilé-iṣẹ́ kò ní ẹran ara, síbẹ̀ ó ní owó ní báńkì. Ẹranko ní ẹran ara, ṣùgbọ́n òfin kò kà á sí. Ọ̀bọ kan nílẹ̀ Indonéṣíà tẹ kámẹ́rà fọ́tò ní ọdún 2011, ó ya àwòrán ara rẹ̀, àwòrán náà sì tàn káyé. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórúkọ ọ̀bọ náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní ọdún 2018 pé òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán kò fún ẹranko láṣẹ láti pẹjọ́. Bí adájọ́ bá di òfin bí ó ti wà mú, ojú kan náà ni yóò fi wo awakọ̀ àjèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wa ọkọ̀ la àárín ìràwọ̀ kọjá kò ṣeé fi wé ọ̀bọ. Ọ̀nà mìíràn sì wà, nítorí òfin ló ń dá ẹni-lójú-òfin, ó sì lè dá òmíràn. Ní ọdún 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New Zealand sọ odò Whanganui di ẹni-lójú-òfin, wọ́n sì ní kí ènìyàn méjì máa ṣe ojú àti ẹnu fún un. Ohun tí a ṣe fún odò kò le jù láti ṣe fún ẹ̀dá tó ń ronú. Andrew Haley, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà, ti dábàá láti ọdún 1956 pé kí a ní òfin tí yóò wà láàárín ènìyàn àti àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n mìíràn, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a ṣe sí wọn ni kí a ṣe sí wọn, kì í ṣe bí àwa ìbá ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa. Agbẹjọ́rò ará Austria kan, Ernst Fasan, sì kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 1970.

Ìjọba ló kù. Ìjọba kò nílò kí ó jẹ́ olóhun kí ó tó mú nǹkan, nítorí ó ní àṣẹ ìgbẹ́sẹ̀lé, èyíinì ni agbára láti gba ohun ìní ẹnikẹ́ni fún ànfààní ará ìlú, kí ó sì san owó rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà kan, tí Chuck Schumer àti Mike Rounds ṣíwájú wọn, gbé àbá òfin kan wá tó fẹ́ kí ìjọba lo àṣẹ yìí lórí gbogbo ẹ̀rọ tí a kò mọ orísun rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀rí nípa ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n tí kì í ṣe ènìyàn, tó bá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ abala náà kí àbá tó di òfin ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Àbá náà kì í ṣe ẹ̀rí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò sí òfin tó sọ ọ́ di ti ìjọba fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àbójútó gómìnà, ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, onílẹ̀ ní Ìbàràpá kò ní ẹsẹ̀ tó Goddard ti Iowa láti dúró lé, ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí ìjọba tó fi hàn pé ọkọ̀ tí wọ́n kàn jẹ́ ohun àlùmọ́ọ́nì. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, abala kẹrìnlélógójì ìwé òfin náà ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú láìjáfara fún ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn. Ti agbami òkun àti ti yìnyín gúúsù ayé, níbi tí kò ti sí onílẹ̀, kò gba àlàyé gígùn: ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó lè gbé e ni yóò gbé e.

Nínú gbogbo ẹjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, kò sì sí ohun tó dojú ti ẹjọ́ náà ju pé àwọn olóhun kò sí nílé ẹjọ́ lọ. Onílẹ̀ lè gba owó ohun tó bàjẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀, bí ó bá rí ẹni tí yóò san án. Ẹni tó he é lágbára ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, kò lágbára ju olóhun lọ. Ìjọba tí ológun rẹ̀ bá yí ọkọ̀ náà ká yóò pe ara rẹ̀ ní olóhun, ṣùgbọ́n ipò tí òfin fi í sí, bí a bá tẹ̀lé ìlànà tó dá fàdákà padà fún Sípéènì, kò ju ti alágbàtọ́ lọ: ó lè pa á mọ́, ó lè yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ewu, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì yẹ kó tú u palẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ láéláé. Bóyá ìjọba kankan yóò gbà láti dúró ní ipò alágbàtọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìtàn bí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ti ṣe sí ohun ìní ẹlòmíràn kò sì jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń bọ́ láti òkè sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, àwọn tó sì rán an lọ wà níbì kan tí wọ́n ti lè bèèrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá irin tí kò yé e nínú oko rẹ̀, kí ó má fọwọ́ kàn án, nítorí epo tí ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì ń lò jẹ́ májèlé. Kí ó dúró lókèèrè, kí ó ya fọ́tò ibi tó wà, kí ó sì ké sí ọlọ́pàá, kí wọ́n lè fi tó àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú létí. Kí ó má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, nítorí ohun tó tà kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó rà á kò sì ní rí i mú lọ.